Bátìrì Tí Yóò Gbé Firíjì Di Àárọ̀

Awakọ̀ kan wà ní Ìṣẹ́yìn tí ó fi iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ omi ṣe. Àwọn abúlé tí ó ń pè é jìnnà. Lọ́nà Kìṣí lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn wà, bí ó bá sì dé ọ̀kan, ó lè pẹ́ níbẹ̀ kí omi tó yọ. Ó rò ó pé òun kò ní máa fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ nílé mọ́. Ó ra bọ́ọ̀sì ògbólógbòó kan, ó tú àga inú rẹ̀, ó kan bẹ́ẹ̀dì sí i, ó gbé sítóòfù sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó so fáànù kékeré mọ́ òkè. Ó sọ bọ́ọ̀sì di ilé.

Ohun kan wà nínú ilé náà tí ìyàwó rẹ̀ kò lè fi ṣeré. Firíjì kékeré kan ni. Ọmọbìnrin wọn, Fèyí, ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ ni ó sì ń gbà lójoojúmọ́. Oògùn inú abẹ́rẹ́ náà kò fẹ́ ooru. Bí ooru bá mú un pẹ́, ó di omi lásán, ọmọ yóò gba abẹ́rẹ́ tán, ara rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ó gba nǹkan kan. Ìwọ tí o ti bímọ rí, mi ò ní sọ fún ọ bí ọkàn ìyá yẹn ṣe máa ń rí.

Nítorí náà wọ́n nílò bátìrì méjì. Ọ̀kan ti wà níwájú ọkọ̀, òun ni ó ń jí ẹ́ńjìnnì. Èkejì ni yóò máa bọ́ ilé, ìyẹn iná, fáànù àti firíjì, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ti kú. Èkejì yìí ni wọ́n lọ rà ní ìsọ̀ oníbátìrì kí wọ́n tó jáde ní ìrìnàjò àkọ́kọ́.

Oníbátìrì nawọ́ sí apá kan ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Àwọn ti ilé nìyí, àwọn tí wọ́n ń fi sí ínfátà. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbé lé e fún mi."

Awakọ̀ kò dúró gbọ́. Apá kejì ni ojú rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n to bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù sí. Ó gbé ọ̀kan sókè láti mọ bí ó ti wúwo tó. Ó ní kí wọ́n fún òun ní wáyà. Ó wá ṣe bí àwọn awakọ̀ wa ti máa ń ṣe bí wọ́n bá ń dán bátìrì wò: ó fi wáyà náà kan orí méjèèjì fìrí. Iná ta pàù! Àwọn tó wà nítòsí fò sẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ ò rí i? Bátìrì nìyí! Ó yá, ẹ dán ti ínfátà yẹn wò, kí á mọ̀ bóyá ó lè ta tó báyìí."

"Kò lè ta tó o, ẹ̀gbọ́n," oníbátìrì dá a lóhùn. "Kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ sì rọra o, kí ẹ má jó ìsọ̀ mi."

Ìyàwó rẹ̀ dá sí i jẹ́jẹ́. "Bàbá Fèyí, ṣé ó máa lè gbé firíjì di àárọ̀?"

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó ń jí ọkọ̀ akẹ́rù! Ṣé firíjì tí o lè pọ̀n bí ọmọ ni yóò wá pá a láyà? Ìyá Fèyí, ẹni tó ru erin délé, ṣé ìrẹ̀ ni yóò wá wọ̀ ọ́ lọ́rùn?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ra bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ kò jọ irọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn, bí wọ́n sì ti ń rìn ni ẹ́ńjìnnì ń dá ohun tí bátìrì ti ná padà fún un. Iná mọ́lẹ̀ kedere, fáànù ń fẹ́, oògùn sì tutù. Awakọ̀ a fi ẹsẹ̀ ta bátìrì náà pẹ́pẹ́, a ní, "Ọmọ ìyá mi, wọn ò mọ̀ ọ́."

Nígbà tí wọ́n dé abúlé tí iṣẹ́ wà, ọkọ̀ dúró. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá Fèyí ṣí firíjì láti mú oògùn, kò sì sí òtútù kankan tó kàn án lójú. Iná kékeré inú rẹ̀ ti kú.

"Bàbá Fèyí! Ẹ dìde o!"

Awakọ̀ jí ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ lójú kan títí bátìrì fi kún. Ó ní ó parí. Lọ́jọ́ kejì, bátìrì náà tètè kú ju ti àná lọ. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún burú sí i. Wọn kò ṣe irú bátìrì yẹn kí á máa fà á gbẹ. Bí o bá ti fà á gbẹ, nǹkan kan ti lọ nínú rẹ̀ tí kò ní padà. Ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára ìṣẹ́jú kan ni. Yóò gbé ẹ́ńjìnnì dìde, kí a sì tètè san án padà fún un. Firíjì kò bèèrè agbára bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni firíjì ń bèèrè, kò sì ní yéé bèèrè.

Ìyàwó náà kò dúró bá ọkọ jà. Ó gbé oògùn mọ́ àyà, ó wọ ilé tó sún mọ́ wọn jù. "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, nǹkan tútù ni mò ń wá."

Ìyá àgbà tó ni ilé wò ó láti òkè délẹ̀. "Tútù wo lo tún ń wá tí àmù wà nílẹ̀?"

Wọ́n da iyanrìn sínú àmù kan, wọ́n gbé ìkòkò kékeré sáàárín iyanrìn náà, wọ́n sì bomi rin ín. Wọ́n di oògùn sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e sínú ìkòkò náà, wọ́n fi aṣọ tútù bò ó lábẹ́ igi. Ìyá Fèyí kò lè jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fọwọ́ kan ìkòkò bí ẹni ń wò bóyá ibà ti lọ lára ọmọ. Nígbà tí Fèyí gba abẹ́rẹ́, tí ó sì jẹun tán, wọ́n gún un níka, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣúgà kò gòkè. Ìyá mí kanlẹ̀.

Ọkọ bèèrè pé, "Ṣé oògùn náà ṣì dára?"

"Ó ṣì dára. Ṣùgbọ́n n kò ní máa fi ọmọ mi dán ọ̀gbẹlẹ̀ wò. Ẹ lọ wá èyí tí yóò dúró."

Ọkọ gun ọ̀kadà dé ibùdókọ̀, ó padà sí Ìṣẹ́yìn. Bí oníbátìrì ti rí i ló ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n mú wáyà wá?"

"Pa ẹnu ẹ dé jàre. Iná kọ́ ni mo wá wò. Ojúmọ́ ni mo fẹ́ kí ó bá wa mọ́."

Ó jókòó. Ó sọ ohun gbogbo tí wọ́n ń lò nínú bọ́ọ̀sì, ó sọ bí ọkọ̀ ti máa ń pẹ́ tó lójú kan. Oníbátìrì yan ọ̀kan nínú ti ínfátà fún un, ó sì fi pátákó sólà kékeré kan tì í, kí oòrùn lè máa dá ohun tí wọ́n bá ná padà. Bátìrì yẹn ni ó bá wọn parí iṣẹ́ abúlé náà, òun ni ó sì ń bá wọn lọ títí di òní.

Ìwọ tí mò ń pa àkàwé yìí fún, n kò sọ pé bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé, mọ iṣẹ́ kí o tó wo agbára. Ò ń wá ẹni tí yóò bá ọ tọ́ ọmọ, tàbí ẹni tí yóò dúró ti ìyá rẹ tí kò lè dìde mọ́. O rí ẹnìkan tó wọlé tí ẹ̀rín gba gbogbo ilé kan, o ní, "Mo ti rí i." O ò tíì rí i. Wá a lọ lọ́jọ́ tí kò retí rẹ, nígbà tí ọmọ ń sunkún láìdákẹ́ tí kò sì sí ẹni tí yóò yìn ín. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó wá lánàá, tó wá lónìí, má fojú kéré rẹ̀.

Kí o sì yẹ ara rẹ wò. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọ̀rẹ́ rẹ, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ dé, ìwọ lo máa ń ké jù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ ńkọ́? Kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú nìkan ni opó ń dá sùn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé, "Dúró tì mí," má tíì sọ pé ó dára. Bi í léèrè bí ọ̀nà tí ó fẹ́ kí o bá òun rìn ti jìn tó. Bí o bá mọ̀ pé o ò ní lè débẹ̀, sọ fún un báyìí, kí ó lè wá ẹlòmíràn kí ó tó gbéra.