Ẹnu Mẹ́jọ, Òṣùwọ̀n Kan

Ọkùnrin kan wà tó mọ bí a ṣe ń kó iná mànàmáná níjàánu. Kì í ṣe àwọn tó ń fa wáyà láti òpó dé òpó ni mò ń wí. Iṣẹ́ tirẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí tábìlì ló ti ń ṣe é, pẹ̀lú irin gbígbóná tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọn wóró dúdú tí àwọn oníṣẹ́ rédíò ń pè ní áísì. Ìlú olókè ló ń gbé, níbi tí ọyẹ́ kì í ti í bá èèyàn ṣeré.

Fara balẹ̀, Bàbá Tinúadé. Mo mọ̀ pé torí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ lo ṣe wá, pé kí n bá ọ rọ̀ ọ́ kó padà sílé ọkọ. A ó débẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin yìí fún ọ.

Ilé ìgbẹ̀bí kan wà nílùú náà. Lásìkò ọyẹ́, àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé a máa kú níbẹ̀, nítorí ara wọn kò tíì lè mú ooru jáde fúnra rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ ọkùnrin yìí pé kó bá àwọn ṣe ibùsùn tó ń móoru. Ó gbà. Ó ṣe mẹ́jọ, ó sì fi áísì kan ṣoṣo darí gbogbo wọn.

Áísì náà ní ẹnu mẹ́jọ. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kó sọ nọ́ńbà di agbára iná lọ. Wọ́n á sọ nọ́ńbà ibùsùn kọ̀ọ̀kan fún un, ẹnu kọ̀ọ̀kan á sì tú iná tó bá nọ́ńbà tirẹ̀ mu sínú ibùsùn tirẹ̀. Nọ́ńbà ńlá, ooru púpọ̀. Nọ́ńbà kékeré, ooru díẹ̀. Àmọ́ áísì náà kò mọ bí iná ṣe pọ̀ tó fúnra rẹ̀. Wóró mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ òṣùwọ̀n fún un, òun ló ń sọ fún un pé bí iná tó kún ṣe rí nìyí, bí ìdajì ṣe rí nìyí. Gbogbo ẹnu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò.

O mọ kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gààrí lọ́jà. Bí ẹni tó ni ín bá ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, gbogbo oníbàárà ló ń gba gààrí tó dín. Bí wọ́n bá sì gbé gààrí náà padà wá, tí wọ́n tún fi kóńgò yẹn kan náà wọ̀n ọ́n, yóò pé pérépéré. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà rí. Ọkùnrin yìí fi ojú kékeré kan tó ń tàn sórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan, kó lè máa kọ ìwọ̀n ooru ibẹ̀ síta fún àwọn nọ́ọ̀sì. Òṣùwọ̀n yẹn náà ni àwọn ojú ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń wọn ohun tí wọ́n ń kọ.

Kì í ṣe pé ọ̀gbẹ́ni náà ò gbọ́n. Níbẹ̀rẹ̀, ó so tẹmómítà onígíláàsì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò ní wáyà, tí kò bá ẹ̀rọ náà tan rárá. Ohun tí ojú ẹ̀rọ bá sọ ni tẹmómítà ń sọ. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, àwọn ọmọ ń yè. Inú ìlú dùn. Wọ́n ń pè é ní bàbá àwọn ọmọ olóṣù méje, ó sì ń dùn mọ́ ọn. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Ṣùgbọ́n gíláàsì ni gíláàsì. Àwọn tẹmómítà ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fi òmíràn rọ́pò, torí ohun tí wọ́n ń sọ kò yàtọ̀ sí ohun tó ti mọ̀. Nígbà tó yá, ó ku ẹyọ kan, lára ibùsùn tó wà létí fèrèsé. Ní gbogbo àkókò yìí, ooru inú ẹ̀rọ ń jẹ wóró òṣùwọ̀n yẹn díẹ̀díẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń joro. Kò sí ariwo, kò sí èéfín. Òṣùwọ̀n dín, iná dín, àwọn ojú ẹ̀rọ sì ń fi òṣùwọ̀n tó dín wọn iná tó dín, wọ́n ń sọ pé ó pé.

Tẹmómítà kan yẹn ni kò gbà. Àwọn nọ́ọ̀sì pe ọkùnrin náà pé gíláàsì etí fèrèsé ń sọ ohun mìíràn. Ó wá, ó wò yíká. Ojú ẹ̀rọ mẹ́jọ sọ ohun kan náà, kò sí èyí tó fi bíńtín yàtọ̀. Inú bí i. Ó ní ẹ̀rí ẹni mẹ́jọ kò lè jẹ́ irọ́ kí tẹnì kan ṣoṣo wá jẹ́ òótọ́. Ó ní atẹ́gùn ojú fèrèsé ló ń da gíláàsì náà láàmú. Ó tú u, ó jù ú sápò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ohun tó ti gbó máa kó ìdààmú bá wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kì í ṣe ibi tí wóró ti joro.

Ọyẹ́ ọdún náà dé, obìnrin kan bímọ olóṣù méje. Ó ti ń wá ọmọ tipẹ́, ewú ti ń yọ lórí rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà sí ibùsùn. Àwọn ọmọ tó wà lórí àwọn ibùsùn yòókù ti ń lágbára, wọ́n ń ké, wọ́n ń ta ẹsẹ̀, òtútù tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan tó lè ṣe wọ́n. Ọmọ tirẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ìyá fọwọ́ kàn án, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi tutù."

Nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀rọ. Ó ní, "Màmá, ooru rẹ̀ pé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Ìyá kò wò ó. Ó tún un sọ pé ọmọ òun tutù. Wọ́n ní kò burú, wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ibùsùn mìíràn kí ọkàn ìyá rẹ̀ lè balẹ̀. Kò yí nǹkan kan padà, òṣùwọ̀n kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e sáyà òun, kí òun fi aṣọ bò ó. Wọ́n ní rárá, àwọn kì í gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí kò dákẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ṣe é.

Ó tètè dé, torí èèyàn dáadáa ni. Ó ka ohun tí ojú ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọ sókè fún obìnrin náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè gbọ́.

Ìyá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín ló gbóná, ìyẹn ló ṣe ń ṣe yín bíi pé ó tutù. Ẹ lọ sinmi." Kò fọwọ́ kàn án. Ó padà sílé.

Ọjọ́ kejì, ọmọ náà kú.

Mi ò lè dé ibí yìí kí ọkàn mi má gbọgbẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ òótọ́ nínú yàrá yẹn, òun nìkan sì ni wọn ò gbà gbọ́. Bẹ́ẹ̀, òun ló bímọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ọkùnrin náà kiwọ́ bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́, ó bá tẹmómítà níbẹ̀. Bóyá ẹ̀rí ọkàn ló tì í, èmi ò mọ̀. Ó fi í sábẹ́ abíyá ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kó sọ nípa ara àgbàlagbà tó dá ṣáṣá náà ló sọ. Ó gbé e lọ sílé ìgbẹ̀bí, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn tó ṣófo. Ó ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé e sórí òmíràn, bákan náà ni. Lókè wọn, àwọn ojú ẹ̀rọ ń tàn, wọ́n ń sọ pé ooru pé. Ìgbà náà ló tó tú ẹ̀rọ, tó rí i pé òṣùwọ̀n ti joro. Ẹ̀rí ẹni mẹ́jọ tó ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹni yẹn sì ti ń parọ́ tipẹ́ láìmọ̀.

Ó tún ẹ̀rọ ṣe. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ ìyá ọmọ, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ṣàlàyé òṣùwọ̀n fún un, bó ṣe rẹ̀ ẹ́, bí àwọn ojú ẹ̀rọ ṣe tan gbogbo wọn jẹ. Obìnrin náà fetí sí i dópin. Ó ní, "Gbogbo èyí tẹ́ ẹ sọ yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, kí ló dí yín lọ́wọ́?"

 

Bàbá Tinúadé, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọmọ rẹ sá wálé wá bá ọ, ó ní ọkọ òun ń lu òun, ó ní bí òun bá padà, òun á kú síbẹ̀. O ní kó padà. Ìyẹn ló ṣe sá wá sọ́dọ̀ mi. O wá ń sọ fún mi lónìí pé o ti pe gbogbo ẹbí, pé kò sí ẹni tí kò sọ pé agídí ọmọ náà ló pọ̀, pé kò sílé ọkọ tí kì í gbóná. Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò rẹ sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá àgbà náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo bi ọ́: ẹnu ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà? Ẹnu rẹ ni. Ìwọ ńkọ́? Ọkọ ọmọ ló pè ọ́ lórí fóònù kí ọmọ tó délé. O gbọ́ tẹnu rẹ̀, o pín in fún ẹbí, ẹbí dá a padà fún ọ, o wá ń sọ pé ẹnu wọn kò. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. O kì í ṣe òṣìkà, mo mọ̀ ọ́ láti kékeré. Ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà kì í ṣe òṣìkà.

Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà nílé mi, orí àga tí o wà yìí lo máa ń jókòó sí tí o bá dé. O ò tíì wọ yàrá tó wà. O ní kí n bá ọ rọ̀ ọ́. Mi ò ní í rọ̀ ọ́. Mo sì rí i lójú rẹ pé o ń retí kí n sọ ohun tí èmi àti ìyàwó mi rí lára rẹ̀. Ìyẹn náà, mi ò ní í sọ, torí bí mo bá sọ ọ́, ẹnu kan ló kàn tún lé sí i. O lójú, o lọ́wọ́. Dìde. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni. Kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, kí o sì kọ́kọ́ sọ pé ìwọ bàbá rẹ̀ ni, torí bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkùnrin, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá wọ̀.