Epo Tí A Sẹ́ ní Abà Jagunlabí

"Bàbá Ìbídùn, ṣé ẹ ti dá epo yẹn padà?"

Ọ̀rọ̀ tí Mojírayọ̀, ìyàwó mi, bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo ní, "Mo ti dá a padà." Irọ́ ni.

Ẹ̀gẹ́ la ń gbìn ní Abà Jagunlabí, gààrí la sì ń tà. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní katakata kan, Tàfá ló ń wà á. Ìjọba máa ń fún ẹgbẹ́ ní dísẹ̀lì tí wọn kò gba owó-orí lé lórí, kí iṣẹ́ oko lè rọ̀ wá lọ́rùn. Wọ́n ti pa á láró kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní àwọ̀ ewé. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: inú oko ni kó jóná sí. Mọ́tò tó ń rin títì kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Èmi nìkan ni mo ní mọ́tò lábà, pikọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ń lo dísẹ̀lì. Òun ló ń kó gààrí lọ sọ́jà, òun náà ló ń gbé aboyún àti aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn Ìlóyè. Mojírayọ̀ wà lára wọn. Èémí rẹ̀ a máa há nígbà ọyẹ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn nìkan ló ń tú u sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, dísẹ̀lì wọ́n gógó nílé epo. Tàfá wá bá mi níbi tí mo ti ń fún ẹ̀gẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó létí odò, ẹ ń fi itọ́ bọ́jú."

"Èyí aláwọ̀ ewé yẹn? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé mi ni?"

"Àwọ̀ yẹn ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ ká bọ́ àwọ̀ lára rẹ̀."

Oró ẹ̀gẹ́ a máa bá omi rẹ̀ jáde bí a bá fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú àpò. Ohun tí a mọ̀ láti kékeré nìyẹn. A rò pé epo náà á ṣe bẹ́ẹ̀. A rọ èédú gígún sínú àpò gààrí, a so ó rọ̀ sórí igi lẹ́yìnkùlé mi, a sì da epo gbà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó jáde, ó mọ́. Tàfá jó yí kẹ́ẹ̀gì po.

Mojírayọ̀ ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. "Ògì lẹ sẹ́ yẹn àbí kí ni? Ẹ bù díẹ̀ wá kí n po ẹ̀kọ."

A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìbídùn, epo oko ni. Ẹ dá a padà."

Mo ní ó di ọ̀la.

Oṣù méjì la fi sẹ́ epo. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ epo wò dá mi dúró ní oríta Ìlóyè. Obìnrin ni ọ̀gá wọn. Ó fi rọ́bà fa epo díẹ̀ láti inú táǹkì mi sínú ìgò, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó mọ́. Mo mí kanlẹ̀. Ó wá yọ ìgò kékeré kan lápò, ó kán oògùn ẹ̀kán méjì sí i, ó mì í.

Àwọ̀ ewé tún padà wá lójú mi báyìí.

"A ti sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta!" Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ẹnu ara mi ni mo fi jẹ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Epo ni, kì í ṣe gààrí. Àmì kan wà nínú rẹ̀ tí sísẹ́ kò lè mú kúrò." Kò pariwo. "Ẹ kò san owó-orí lórí epo yìí, ẹ sì ń fi í rin títì. Òfin ní kí n gba ọkọ̀. Ẹ ó lọ kóòtù. Ìtanràn wà, ẹ̀wọ̀n wà bó bá wu adájọ́. Ẹni tó fún yín lépo náà á jẹ́jọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mọ́tò kan ṣoṣo tó wà lábà wa nìyẹn."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó da epo sí i."

Ọ̀kadà ló gbé mi délé. Mo sọ fún Mojírayọ̀ pé mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó wo ojú mi. Kẹ́ẹ̀gì epo kan ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, èémí há a níbi tó ti ń yan gààrí. Àwọn obìnrin figbe ta. "Mọ́tò Bàbá Ìbídùn dà? Ẹ ṣíná sí i!" Mo sáré lọ pe Tàfá. Tírélà tí katakata fi ń kó ẹ̀gẹ́ la gbé e sí. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Katakata ò mọ eré. Ojú ọ̀nà oko yẹn ló ti bi mí léèrè epo, tí mo sì dá a lóhùn.

Nígbà tí a dé etí títì, Tàfá dúró. Epo oko ló wà nínú katakata. Ó wẹ̀yìn wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, títì rèé o."

"Máa lọ!"

Ó lọ. Ẹnikẹ́ni ò dá wa dúró. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó wo aago ara ògiri. "Bàbá, ìgbà wo ló ti dákẹ́?"

Èmi ò mọ̀. Mo rò pé ó ń sùn ni.

Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí níbi ìsìnkú. Bàbá Ògúnjìnmí, olórí ẹgbẹ́ wa, lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá àpò èédú tó ṣì so rọ̀. Ó fọwọ́ kàn án. Ó sọ gbólóhùn kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn alágbàtà gààrí ti gbé gbólóhùn náà dé Ìlóyè. Àwọn tó ń sọ ọ́ níbẹ̀ kò mọ̀ mí.

Mi ò tíì dá kẹ́ẹ̀gì yẹn padà. Mi ò tíì tú àpò kúrò lórí igi. Wọ́n ti sún ẹjọ́ mi síwájú lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì sọ fún adájọ́ pé mo jẹ̀bi. Mi ò tíì sọ fún Ìbídùn ọmọ wa pé mọ́tò kò sí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀, kódà lójú oórì.

Ìdí nìyí, bí ẹnìkan bá ń wá ọ̀nà láti fọ ohun tí kò tọ́ kó lè dà bí èyí tó tọ́, tí àwọn àgbà abà wa fi ń pa á lówe pé asẹ́ a máa gba ìdọ̀tí, kì í gba ẹ̀bi.