Agbọ̀n Àwẹ̀ró

Ilé asunrárà ni wọ́n bí Àwẹ̀ró sí ní ìlú Ayétẹ̀dó. Kó tó hu eyín tán ló ti ń ki ewúrẹ́ àti adìyẹ ilé wọn. Nígbà tó dàgbà, kò sẹ́ni tí yóò kì tí orí onítọ̀hún kò ní wú. Ẹnu rẹ̀ dùn, a ò lè fi dù ú, àmọ́ ẹnu ọ̀hún náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá a.

Ọkọ rẹ̀ ló kú, tó fi oko àgbálùmọ̀ ńlá kan sílẹ̀ fún un. Inú Fátókùn, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kò dùn sí i rárá. Níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: "Ìyàwó, rárà lo mọ̀, o ò mọ òwò. Ọjà mẹ́ta péré la fún ọ. Bí àgbálùmọ̀ ọdún yìí bá bà jẹ́ sí ọ lọ́wọ́, kí o gbé oko náà fún mi."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Àwẹ̀ró fèsì. Nínú ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Òwò wo ló le níbẹ̀? Òun tó ń ki ọba tí ọba ń bọ́ ẹ̀wù fún òun, ṣé àgbálùmọ̀ lásán ni òun ò ní lè kì kó tà?

Lọ́jọ́ ọjà kìn-ín-ní, ó gbóhùn sókè: "Àgbálùmọ̀ o! Arẹwà orí igi, adán-bí-epo, akan-má-bínú, alẹ-ètè-mọ́-ètè!" Háà! Ọjà dàrú. Àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó. Nígbà tó parí, wọ́n ní, "Àwẹ̀ró, o káre!" Wọ́n sì bá tiwọn lọ. Agbọ̀n mẹ́wàá ló gbé lọ, mẹ́sàn-án ló gbé bọ̀.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó rò? Ó ní rárà òun ló kúrú jù! Lọ́jọ́ ọjà kejì, láti orí baba ńlá tó gbin igi àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan gbé agbọ̀n òfìfo lórí, ó dúró gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó nu ojú, ó ní, "O jẹ́ kó dùn mọ́ wa gan-an ni, ìyá." Ó gbé agbọ̀n òfìfo rẹ̀ lọ sílé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Fátókùn ti wà nínú oko, ó ń ka igi.

Ọjà kẹta ló wá kù. Lọ́jọ́ náà ni àwọn alájàpá ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú ogójì agbọ̀n òfìfo, kí oòrùn tó kan àtàrí ni wọ́n sì máa ń lọ. Àwẹ̀ró ti sunrárà láti àárọ̀ títí ohùn fi ń há. Àwọn alájàpá jó, wọ́n làágùn. Nígbà tó yá, olórí wọn, Ṣólékè, bẹ̀rẹ̀ sí í ká òṣùká láti máa lọ. Fátókùn fi ọwọ́ lẹ́rán lábẹ́ igi, ó ń wò ó.

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ Àwẹ̀ró, Ìyá Alágbọ̀n, ti gbé agbọ̀n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun dé. Ó gbé e ka iwájú rẹ̀.

"Ki àgbálùmọ̀ sínú èyí, ọmọ mi. Bó bá kún, pè mí."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró rò pé eré ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kì, ó kì, òógùn bò ó. Bó ṣe dúró mí, Ṣólékè na ọrùn, ó wo inú agbọ̀n.

"Ìyá, kò mà tíì kún o!"

Ojú ti Àwẹ̀ró. Òun náà wo inú agbọ̀n, ó ń rí ilẹ̀ láàárín ọ̀pá rẹ̀. Ó rántí obìnrin ọjọ́sí tó gbé agbọ̀n òfìfo lọ sílé. Yéè! Láti ọjọ́ tí òun ti ń pariwo lọ́jà yìí, òun ò tíì sọ fún ẹnì kan ṣoṣo pé kó gbé agbọ̀n wá!

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó la àgbálùmọ̀ kan, ó nà án sí Ṣólékè. "Tọ́ ọ wò. Ó dùn? Gbé agbọ̀n wá!"

Ṣólékè fa omi rẹ̀ mu, ojú rẹ̀ là. "Bù ú kún fún mi!"

"Gbé agbọ̀n wá! Ìwọ náà, gbé agbọ̀n wá!" Kò tún sọ ohun mìíràn. Ọwọ́ ń ti ọwọ́, agbọ̀n ń gorí agbọ̀n, Àwẹ̀ró ń bù, ó ń jó. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àgbálùmọ̀ tán pátápátá.

Fátókùn sún mọ́ wọn, ó wúkọ́. "Ìyàwó, ṣé o rí i, ohun tó wà lọ́kàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé, bí èèyàn bá wò ó síwá, tó wò ó sẹ́yìn, oko yẹn..."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó rọra gbé agbọ̀n òfìfo tí Ìyá Alágbọ̀n hun ka iwájú Fátókùn. Gbogbo ọjà hó yèè. Fátókùn bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àtìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá ń rojọ́ ròfọ́ tí kò dé ibi tó ń lọ, pé: ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.