Èènì Tí Àjàgbé Ṣe fún Ẹ́ńjìnnì

"Ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì ara rẹ̀, a kì í bá a jìjàkadì, ẹnu ni à ń dí fún un." Bí ẹ bá ti bá àwọn àgbà Ìdí-Àfọ̀n jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á tí kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé mẹkáníìkì kan tó ti mu ẹmu yó ló fi í ṣàwàdà. Ṣé ẹ̀yin mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ká ní ẹ mọ̀ ọ́n ni, ẹ kò ní máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ti pa á tán, nítorí inú ẹ̀rù ni wọ́n ti bí i.

Àjàgbé ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wọ Ìdí-Àfọ̀n. Kó tó gbé e dé, agolo tí wọ́n fi ìṣó lu ní ihò ni àwọn obìnrin fi ń rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gaàrí, ọwọ́ wọn a sì máa bó. Àjàgbé kọ́ ilé páànù kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà odò, ó gbé ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì nítòsí ilẹ̀kùn, ó sì fi bẹ́líìtì gígùn so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ ní ìpẹ̀kun ilé lọ́hùn-ún. Ìyàwó rẹ̀, Ṣẹ̀gilọlá, ló máa ń dúró níwájú ẹ̀rọ náà, tí yóò máa ki ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà jáde àfi kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Fèrèsé kan wà lẹ́yìn Ṣẹ̀gilọlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àjàgbé ti fi irin dí i nítorí olè. Olè kò wá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi irin yẹn sọ́kàn.

Ìfẹ́ tí Àjàgbé ní sí ẹ́ńjìnnì yìí kọjá àfẹnusọ. Ó ń fi àkísà nù ún láràárọ̀ bí ẹni wẹ ọmọ tuntun. Ó ń kí i pé, "O jí ire?" kó tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Orogún ni Ṣẹ̀gilọlá ń pè é. Bí wọ́n bá bi í pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́, a ní, "Ó wà lọ́dọ̀ orogún mi, ó ń fi òróró pa á lára." Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, Àjàgbé náà á rẹ́rìn-ín, nítorí kò rí irọ́ kankan níbẹ̀.

Sùfíánù, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní oríta, ló bá a yan ẹ́ńjìnnì náà, òun ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí i títí yóò fi jí, àti bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó wá fi abọ́ irin kan hàn án, èyí tó wà lápá ẹ̀yìn, níbi tó kọjú sí fèrèsé. Inú abọ́ yìí ni atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń mí ń gbà kọjá, ọ́ìlì díẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ń mú eruku. Ìlà kan wà lára abọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Sùfíánù wí, "ẹnu tó fi ń mí nìyí. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá ìlà yìí o. Bó bá kọjá, ẹ́ńjìnnì á máa fà á mu. Ọjọ́ tó bá sì mọ ọ́ìlì mu láti ibí, kò ní gbọ́ tiyín mọ́."

"Mo ti gbọ́," ni Àjàgbé wí. Ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ Ìdí-Àfọ̀n ni, níbi tí ẹni tó bá wọn gaàrí tí kò ṣe èènì ti ń di ahun lójú gbogbo ayé. Wọn a wọn ọ́n kún, wọn a ṣù ú lé orí títí yóò fi máa dà sílẹ̀, wọn a tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ta ni yóò wọn nǹkan fún ẹni tó fẹ́ràn, tí yóò fi ìlà sí i?

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà, eruku sì bo gbogbo ilẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn obìnrin ti kó ẹ̀gẹ́ jọ bí òkè síwájú ilé páànù, Àjàgbé ṣí abọ́ náà, ó wo eruku tó wà nínú rẹ̀, àánú ẹ́ńjìnnì náà sì ṣe é. Ó ní bí ọ́ìlì díẹ̀ bá ń mú eruku díẹ̀, ọ́ìlì púpọ̀ á mú púpọ̀. Ó rọ ọ́ dé ìlà. Ó rọ ọ́ kọjá ìlà. Nígbà tó kún dé etí, ó tún rọ díẹ̀ sí i, ó ní, "Èènì tìẹ nìyẹn." Ó dé e, ó yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì jí.

Fún ìgbà díẹ̀, ohùn tí gbogbo wọn mọ̀ ló ń ti ibẹ̀ jáde, tùkù-tùkù-tùkù. Ṣẹ̀gilọlá ń ki ẹ̀gẹ́, ó sì ń di èyí tó ti kúnná sínú àpò. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó kàn ń ga ni. Èéfín funfun tú jáde, ó di dúdú. Àjàgbé sáré fa ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń pa á. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ó ti ẹnu táǹkì dísẹ́ẹ̀lì pa. Kò kú. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ó já ọ̀pá tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà wọlé, dísẹ́ẹ̀lì dà sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń sáré sí i. Kí ló ń jẹ? Ta ló ń fún un? Bí ẹni tó ti dúńbú ẹran, tí ẹran wá dìde tó ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí lójú Àjàgbé.

Àwọn obìnrin tó wà níta ju agbọ̀n sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣẹ̀gilọlá nìkan ni kò ríbi sá. Bẹ́líìtì ń nà níwájú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ irin ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì sì ń yí débi pé ojú kò rí i mọ́. Àjàgbé rò pé bí òun bá yọ bẹ́líìtì, ìyàwó òun á rọ́nà jáde. Ó fi igi ta á. Bẹ́líìtì fò yọ, ó nà án láyà bí ẹgba, ó gbé e jù síta. Ẹ́ńjìnnì, tí ẹrù ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, wá figbe ta. Igbe náà kò jọ ti ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n dè é mọ́, nọ́ọ̀tì kan já, ó lu páànù òrùlé jáde. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé bí kẹ̀kẹ́ irin yẹn bá fọ́, ohunkóhun tó bá wà nínú ilé náà kò ní kù.

Àjàgbé dìde. Ó fẹ́ wọlé padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sẹ́yìn igi àfọ̀n, ibẹ̀ ló sì dúró sí tó ń pariwo pe ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Tóún! Ìyá Tóún o!" N kò ní bá a bò ó. Ẹ̀rù bà á, ó sì sá.

Nínú ilé, Ṣẹ̀gilọlá di irin fèrèsé mú, ó fà á títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ́. Àjàgbé ti rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, kò mì. Tóún, ọmọbìnrin rẹ̀, ló ń rò. Ó ti fi í sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ láì fún un lóúnjẹ, ó ní òun ń bọ̀ kíá. Ojú ènìyàn kan yọ lẹ́yìn irin náà. Sùfíánù ni, ó ti gbọ́ igbe ẹ́ńjìnnì láti oríta, ó sì sáré wá. Ó ń pariwo ọ̀rọ̀ kan, Ṣẹ̀gilọlá kò gbọ́ nǹkankan. Sùfíánù fi àtẹ́lẹwọ́ bo ara rẹ̀ lẹ́nu.

Obìnrin náà rò pé nítorí èéfín ni, ó sì fa ìró bo ẹnu. Sùfíánù mi orí kíkankíkan. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó tún fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó tún nawọ́. Ṣẹ̀gilọlá wo ibẹ̀. Ó rí abọ́ irin náà, ọ́ìlì ń hó jáde létí rẹ̀, èéfín inú ilé sì ń wọ́ lọ sí ẹnu rẹ̀ bí ìgbà tí ẹnìkan ń fà á mu. Ó wá yé e. Ẹnu orogún rẹ̀ ni Sùfíánù ń sọ pé kó dí.

Ó yé e, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Títí ó fi darúgbó ló ń sọ ọ́ pé òun kò rìn débẹ̀, òun wọ́ dé ibẹ̀ ni, itọ̀ sì ti bọ́ lára òun. Ó gbá àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀ kan mọ́ra, omi rẹ̀ ń ro sí i láyà, ó di ojú, ó sì gbé àpò náà tẹ ẹnu abọ́ irin. Nǹkan fa àpò náà mọ́ra bí ẹni fẹ́ gbé e mì. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tàkìtì, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kú.

Àjàgbé wọlé, kò mọ ohun tí yóò fi ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ ṣe. Ó kọjú sí Sùfíánù, tó ti yí wá sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ lo fẹ́ pa mí láya! Irú ẹ́ńjìnnì wo lo bá mi yàn?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ rọ ọ́ìlì kọjá ìlà ńkọ́? Ṣé n kò kìlọ̀ fún yín ni?"

"Ta lò ń gbé ohùn sókè sí?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ ló kọ́kọ́ gbé e?"

Bẹ́ẹ̀ ni ohùn wọn ń ga sí i. Àwọn obìnrin ti padà dé, àwọn kan gbè sí Àjàgbé, àwọn kan gbè sí Sùfíánù, àbúrò Àjàgbé kan tó sáré dé sì ti mú irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì dání. Ṣẹ̀gilọlá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀, ẹ̀gẹ́ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń ga, ó sì mọ ohùn náà. Ó dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó kún fún ẹ̀gẹ́ bo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu níwájú gbogbo ènìyàn.

"Bàbá Tóún, ó tó. Ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì ara rẹ̀, a kì í bá a jìjàkadì. Ẹnu ni à ń dí fún un."

Àbúrò Àjàgbé sọ irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, Àjàgbé kò pariwo mọ́. Omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Tóún, mo sá."

"Mo rí yín," ni obìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo Tóún. Kò tíì jẹun."

Kí wọ́n tó tún yí ẹ́ńjìnnì náà, Àjàgbé ti hú irin fèrèsé kúrò, kò sì rọ ọ́ìlì kọjá ìlà mọ́ títí ó fi kú. Nítorí náà, bí ìjà bá ń lọ láàárín ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, tí ohun tó fà á ti tán, tó wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ síra wọn ni ìjà náà ń jẹ, àwọn àgbà Ìdí-Àfọ̀n kì í bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi. Wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara wọn, wọn a ní, "Ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì ara rẹ̀, a kì í bá a jìjàkadì, ẹnu ni à ń dí fún un." Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí yóò dákẹ́, yóò sì wò yíká bóyá ẹnìkan wà nínú ilé tí kò rọ́nà jáde.