Àká Tí Òjò Kò Tíì Pa

Oyèékànmí búra lórí ohun tí kò mọ̀, ìbúra náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa aboyún. Irọ́ ni ìbúra náà. N kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ní Ìbàdàn, òun àti Móradéyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, jọ ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi èdè JavaScript kọ. Ògbufọ̀ ni ètò náà. Òun ní ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń lò ó, tí ń sọ ọ́ fún àká, ìyẹn ibi ìkópamọ́ inú kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ wọn wà nínú rẹ̀. Àká kan péré ló gbọ́ èdè rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pariwo pé àwọn fẹ́ òmíràn. Ara Oyèékànmí kò gba ìjókòó mọ́. Kíá ló fi àká méjì kún un.

Móradéyọ̀ bi í pé, "Kànmí, tí iná bá lọ lójijì ńkọ́? Àká wa àtijọ́ máa ń dá iṣẹ́ tí kò parí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣé àwọn tuntun yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù yín pọ̀! Adìẹ kò lè yé ẹyin lójú yín kí ẹ má ní kó mú ẹlẹ́rìí wá."

"Mú ẹlẹ́rìí wá náà ni mo wí."

Bátìrì ńlá ọ́fíìsì wọn kì í jẹ́ kí iná lọ, nítorí náà Oyèékànmí kò dán an wò. Ó kéde fáyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì búra pé kò séwu, bí iná tilẹ̀ lọ.

Ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá Ṣakí gbà á gbọ́, wọ́n sì ń lo ọ̀kan nínú àwọn àká tuntun náà. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń gbé àkọsílẹ̀ Àṣàbí, aboyún kan tó ń rọbí, lọ sí ti yàrá ìgbẹ̀bí nínú kọ̀ǹpútà, iná lọ. Ògbufọ̀ ti yọ ọ́ níbi tó wà, kò sì tíì fi í síbi tó ń lọ. Àká tuntun kò dá nǹkan kan padà. Bí ìkìlọ̀ pé abẹ́rẹ́ pẹnisílìn kò bá Àṣàbí lára mu ṣe wọgbó nìyẹn. Ìrọbí kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó sì ń sọ fún Àṣàbí pé pẹnisílìn ni, nígbà tí ọkọ Àṣàbí gbé fúláàsì ẹ̀kọ wọlé.

"Pẹnisílìn kẹ̀? Ẹ dúró! Òun ló fẹ́ pa á lọ́jọ́sí! Ṣé ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni?"

Nígbà tí wọ́n tọpa ọ̀rọ̀ náà dé Ìbàdàn, Oyèékànmí wọkọ̀ lọ sí Ṣakí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àṣàbí tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Mo búra fún yín pé àká tí òjò kò pa rí lójú mi kò ní jò."

Ọkọ Àṣàbí ní, "Dìde. Àwọn yòókù tí o búra fún ńkọ́?"

Ibi tó ti kéde náà ló padà sí, ó kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, kò fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́. Láti inú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti mú ọ̀rọ̀ àká náà, tí wọ́n fi ń pa á lówe fún ara wọn pé: àká tí òjò kò tíì pa, a kì í búra pé kò ní jò.