Àbàwọ́n Aró Lẹ́rẹ̀kẹ́ Òṣùpá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò, kò bà lé Ìjàpá lórí lónìí. Ó bà lé Òṣùpá, ó bà lé Àdán ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bà lé Àwẹ̀ró aláró.

Láyé ọjọ́un, ilé ayé ni Òṣùpá ń gbé, nínú agboolé Àwẹ̀ró, òun àti Àdán. Ojú Òṣùpá mọ́ roro. Bó bá ń kọjá, wọn a ní, "Òṣùpá, o mà lẹ́wà o!" Inú rẹ̀ a sì máa dùn ṣìnkìn.

Àwẹ̀ró po aró sínú ìkòkò. Aṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ pa láró. Ó kìlọ̀ fún ará ilé: "Ẹ má ṣí i o. Aró tí a bá ṣí láìtọ́jọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣí i yóò fi ìlú yìí sílẹ̀."

Àwẹ̀ró lọ sódò. Òṣùpá ti gbọ́ pé èèyàn lè rí ojú ara rẹ̀ nínú aró. Ó ṣí ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kò rí nǹkan. Ó tún bẹ̀rẹ̀, kò rí nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wọnú aró, jàbú! Ó yára dé ìkòkò. Ó fọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rò pé aró ti kúrò, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ta ní ń rí ojú ara rẹ̀?

Nígbà tí Àwẹ̀ró dé, aró ti bàjẹ́. Ó sunkún, ó pe gbogbo ilé jọ. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òṣùpá. Ó fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ló bá dárin:

Ta ló ṣí ìkòkò o?
Aró dúdú.
Òṣùpá, ṣé ìwọ ni?
Aró dúdú.

"Èmi kọ́, ìyá!" Gbogbo èèyàn ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òṣùpá rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹwà òun ni wọ́n ń wò.

Àwẹ̀ró tún dárin. "Èmi kọ́! Ẹ wo ọwọ́ mi!" Àwọn èèyàn dorí kodò. Ojú ń tì wọ́n bá a.

Àwẹ̀ró dárin lẹ́ẹ̀kẹta. "Àdán ni! Ẹ ò rí i bó ṣe dúdú?"

Àdán wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Ó rí aró náà. Ó ní, "Ó dáa, ìyá. Èmi ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò pariwo. Ó bu omi sínú igbá, ó gbé e fún Òṣùpá. "Gbà, ọmọ mi, bọ́jú. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Òṣùpá wo inú igbá. Yéè! Ojú tó láró yìí ni òun fi ń purọ́ látàárọ̀! Ìtìjú mú un, ilẹ̀ kò lanu kó wọlẹ̀.

"Àdán, o rí i, o ò sì sọ?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni ọ́. Ṣé kí n dójú tì ọ́ láwùjọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Òṣùpá ju èébú lọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Àdán dúró. Èmi ni mo ṣí i, èmi ni n ó lọ." Ó gòkè lọ sójú ọ̀run.

Níbẹ̀, ó bọ́jú títí aró fi ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bó ti mọ́ roro tó, a rántí ohun tó ṣe sí Àdán, dúdú náà a sì tún bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. Bó bá pẹ́ díẹ̀, a ká kúrò. Ìdí nìyẹn tí òṣùpá fi máa ń ṣókùnkùn lápá kan. Àdán nìkan ló máa ń fò jáde lálẹ́ lọ bá a sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé. Bí mo bá purọ́, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.