Asín Tó Ń Bá Àlejò Jẹ Ẹja

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yà bàrá, ó di ìdí àwo ẹja.

Ẹja ń wu Asín jẹ. Asín yìí kò ju àtàǹpàkò lọ, òórùn rẹ̀ ló kún ilé, síbẹ̀ ó ka ara rẹ̀ sí ọlọ́gbọ́n ayé. Inú ihò ara ògiri ilé Ìyá Dúródọlá ló ń gbé.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Dúródọlá mú Ológbò kan wálé. Kì í ṣe ọmọ ológbò o. Àgbà ni, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló kú. Àgbà tó bá sì kó dé ilé onílé kì í yára yọjú: abẹ́ ibùsùn ni Ológbò wọ̀ lọ. Ìyá kò fà á jáde. Ó gbé omi àti àwo ẹja sí yàrá náà, ó ti ilẹ̀kùn kí Ajá tó ń sìn nínú ilé má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní, "Fara balẹ̀, ìyá àgbà. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ ni kí o jáde."

Òórùn ẹja kan Asín nímú. Ó yọ́ jáde, ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ibùsùn, ó fajú ro bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Ẹ má jáde o. Ajá ilé yìí, ológbò mẹ́ta ló ti jẹ. Òórùn ẹja yìí ni yóò sì fi mọ ibi tí ẹ wà."

Àyà Ológbò já. "Kí wá ni ṣíṣe, ọmọ mi?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e mì. Kò wù mí jẹ, àánú yín ló ń ṣe mí."

Bí aláàánú ṣe jókòó ti àwo nìyẹn. Ó jẹ orí, ó jẹ ìrù, ó lá àwo títí ó fi ń dán. Egungun wẹ́wẹ́ ló sọ sábẹ́ ibùsùn: "Ẹ fi panu, màmá."

Ó tún lọ bá Ajá lójúde. "Ẹ̀gbọ́n, ikọ́ ń ṣe àlejò yẹn. Ajá tó bá súnmọ́ ọn, ìrù rẹ̀ yóò já bọ́." Ajá ká ìrù mọ́ abẹ́ itan, ó lọ jókòó lókèèrè.

Báyìí ni fún ọjọ́ méje. Asín sanra, ọrùn rẹ̀ sọnù. Òmùgọ̀ olè ní í jalè kó tún fọ àwo. Ojoojúmọ́ ni Ìyá ń rí àwo tó mọ́ fóó, tó ń sọ pé, "Ara ìyá àgbà ti balẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Asín wà lórí ẹja, Ìyá bá rọra ṣílẹ̀kùn, ó ní kí Ajá wá kí àlejò.

Ajá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má húkọ́. Ìrù kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ikọ́ wo?" ni Ológbò wí lábẹ́ ibùsùn. "Ìwọ tó jẹ ológbò mẹ́ta?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀kọ ni mo ń jẹ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó sọ fún ọ pé mo ń húkọ́."

Àwọn méjèèjì yíjú sí àwo. Orí ẹja wà lẹ́nu Asín.

Asín ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo kàn ń ṣètò bí ẹ ó ṣe mọ ara yín ni." Ó fẹ́ sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́, ikùn ló fi ń wọ́. Ológbò tí ebi ti pa fún ọjọ́ méje fò jáde, ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, Asín kú.

Ológbò gbóòórùn rẹ̀, ó tutọ́, ó yíjú sí ẹja. Ìyá fi ìgbálẹ̀ gbá Asín sí ààtàn.

Láti ọjọ́ náà, bí ológbò bá pa asín, kì í jẹ ẹ́. Ìtìjú wo ló tó kí a pani tán, kí ebi máa pa apani, kó sì kọ ẹran ẹni?

Ẹni tí yóò bá fi irọ́ jẹun, kó má jẹ ẹ́ tán. Ibi tí mo bá a dé rèé. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ẹja má wọ ọbẹ̀ mi.